Oko Alájà: Ta Ni Yóò San Owó Ìmọ́lẹ̀?

FOJÚ inú wo yàrá ńlá kan tí kò ní fèrèsé. Pẹpẹ irin tò léra wọn láti ilẹ̀ títí dé òkè àjà, iná pupa àti iná aláwọ̀ búlúù ń tàn lórí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, ewéko tútù yọ̀yọ̀ sì bo gbogbo wọn. Kò sí erùpẹ̀ níbẹ̀. Kò sí òjò, kò sí tata, kò sí ẹni tó mú ọkọ́ tàbí àdá dání. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ aṣọ funfun, wọ́n sì bo irun wọn bí àwọn nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Síbẹ̀, oko ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ẹ̀fọ́ tí wọ́n bá sì ká níbẹ̀ láàárọ̀ lè dé ọjà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Irú oko yìí la fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. A ó máa pè é ní oko alájà, torí pé bí ilé alájà ṣe ń gba ọ̀pọ̀ ìdílé sórí ilẹ̀ kékeré, bẹ́ẹ̀ ni oko yìí ń gba ohun ọ̀gbìn púpọ̀ sórí ilẹ̀ tí kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù wọn. Àwọn kan gbà gbọ́ pé òun ló máa yanjú ìṣòro oúnjẹ ní àwọn ìlú bí Èkó àti Ìbàdàn, níbi tí ilé ti gba ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa ń ro tẹ́lẹ̀. Ìgbà míì sì wà táwọn kan máa ń gbé àwòrán náà wá bá èèyàn pé kó wá dáwó sí i, pé èrè ò ní pẹ́ dé. Kí ẹnikẹ́ni tó yọ owó lápò, ó yẹ kó mọ bí oko náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kó sì mọ ohun tó ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é.

Ibi Tí Èrò Náà Ti Wá

Ọ̀rọ̀ tí àwọn olóyìnbó fi ń pe oko yìí túmọ̀ sí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó nàró. Ó lè pa wá lẹ́rìn-ín pé nígbà tí Gilbert Ellis Bailey, ará Amẹ́ríkà kan tó mọ̀ nípa ilẹ̀, fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àkọlé ìwé rẹ̀ lọ́dún 1915, kì í ṣe òkè ló ní lọ́kàn. Ìsàlẹ̀ ni. Ohun tó ń dámọ̀ràn ni pé kí àgbẹ̀ fi ohun abúgbàù tú abẹ́ ilẹ̀, kí gbòǹgbò lè ráyè wọlẹ̀ jìn!

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà kí ọ̀rọ̀ ọ̀hún tó yíjú sókè. Lọ́dún 1999, ọ̀jọ̀gbọ́n Dickson Despommier ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Columbia, nílùú New York. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fẹ́ mọ̀ bóyá ọgbà orí òrùlé lè bọ́ àwọn tó ń gbé ní Manhattan. Wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n sì rí i pé bí wọ́n bá tiẹ̀ gbin nǹkan sórí gbogbo òrùlé tó ṣeé lò, nǹkan bí èèyàn 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni oúnjẹ náà máa tó. Ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà bá bi wọ́n pé: Bí òrùlé ò bá tó, ẹ̀yin ẹ jẹ́ ká wo inú ilé náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èrò pé kí ilé àwòṣífìlà di oko bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 2010 ó kọ ìwé nípa rẹ̀, ìwé náà sì tan èrò yìí káyé. Ọdún 2025 ni Despommier kú, nígbà yẹn ó ti rí i tí àwọn kan fi èrò rẹ̀ kọ́lé, ó sì ti rí i tí ilé àwọn kan nínú wọn wó.

Ohun Tí Ewéko Nílò Gan-an

Báwo ni ẹ̀fọ́ ṣe lè hù láìsí ilẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ti pẹ́ ju Despommier lọ. Lọ́dún 1929, William Gericke, ní Yunifásítì California, bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé ewéko ò nílò ilẹ̀ fún ara rẹ̀. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ ló nílò. Ó po àwọn èròjà aṣaralóore mọ́ omi, ó gbin tòmátì sí i, tòmátì náà sì ga ju èèyàn lọ fíìfíì. Bí a bá rò ó wò, iṣẹ́ mẹ́ta ni ilẹ̀ ń ṣe fún ewéko: ó ń dì í mú kó má bàa ṣubú, ó ń tọ́jú omi dè é, ó sì ń gbé oúnjẹ fún un. Bí a bá rí ohun míì tó lè ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ewéko á máa dàgbà lọ.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù lónìí. Nínú ọ̀kan, gbòǹgbò ewéko wà nínú omi tó ń ṣàn lọ ṣàn bọ̀ nínú páìpù tàbí àwo pẹrẹsẹ. Nínú èkejì, gbòǹgbò náà so rọ̀ nínú afẹ́fẹ́ nínú àpótí tó ṣókùnkùn, ẹ̀rọ á sì máa fín omi tó dà bí ìrì sí i lára lóòrèkóòrè. Nínú méjèèjì, omi tí ewéko ò bá mu tán máa ń padà sínú ọpọ́n, wọ́n á sì tún un lò. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ní irú oko bẹ́ẹ̀ fi máa ń sọ pé omi tí wọ́n ń lò fi ìpín tó tó 95 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí èyí tí oko orí ilẹ̀ ń lò. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àsọdùn lásán. Omi tí àgbẹ̀ bu sórí ebè ń wọlẹ̀ lọ, oòrùn sì ń fa òmíì lọ, àmọ́ inú oko alájà, omi ò ríbi sá gbà.

Kò sí ẹ̀kún omi tàbí ọ̀dá tó lè yọ ọ́ lẹ́nu, kòkòrò ò sì fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé, torí náà wọn kì í sábà fín oògùn sí i. Títí débí, gbogbo rẹ̀ dára. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ewéko nílò, òun ló sì ń pinnu bóyá oko náà á jèrè tàbí kò ní jèrè. Ìmọ́lẹ̀ ni.

Orílẹ̀-Èdè Tí Kò Nílẹ̀

Ká tó sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí oko alájà ti nítumọ̀ jù lọ. Ìlú tó tún jẹ́ orílẹ̀-èdè ni Singapore. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò tó 750 kìlómítà níbùú lóròó, ìyẹn ò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin Ìpínlẹ̀ Èkó, bẹ́ẹ̀ ó ní èèyàn tó ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ. Ó ju ìpín 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lára oúnjẹ wọn tó ń wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Ní June 2022, orílẹ̀-èdè Malaysia tó múlé gbè wọ́n ní òun ò ní ta adìyẹ fún ẹnikẹ́ni mọ́ fúngbà díẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, àwọn olóúnjẹ Singapore bẹ̀rẹ̀ sí í kọminú, torí pé ìrẹsì àti adìyẹ ni oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn jù, bí àwọn ará Ìbàdàn ṣe fẹ́ràn àmàlà. Ẹni tí kò ní oko, tó wá ń gbára lé oko aládùúgbò, ó mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ṣe síni níkùn.

Abájọ tí ìjọba wọn fi sọ lọ́dún 2019 pé, tó bá fi máa di ọdún 2030, àwọn fẹ́ máa pèsè ìpín 30 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ táwọn ará ìlú nílò. Oko alájà wà lára ohun tí wọ́n gbára lé. Àmọ́ ní November 2025, wọ́n fi àfojúsùn yẹn sílẹ̀, wọ́n sì fi àwọn míì rọ́pò rẹ̀ fún ọdún 2035. Nínú èyí tuntun, wọ́n ya ẹ̀fọ́ àti olú sọ́tọ̀, wọ́n sì ya ẹyin àti ẹja náà sọ́tọ̀. Owó iná àti owó iṣẹ́ tó ga ti mú kí ọ̀pọ̀ oko níbẹ̀ kógbá sílé.

Ọ̀kan lára àwọn oko tó kọ́kọ́ lókìkí níbẹ̀ yẹ lẹ́ni tí à ń fara balẹ̀ wò. Sky Greens lorúkọ rẹ̀, Jack Ng ló dá a sílẹ̀, ọdún 2012 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í tajà. Ohun tó kọ́ ni òpó alumíníọ̀mù tó ga tó mítà 9, tó rí bí àkàbà méjì tí wọ́n fi orí tira. Wọ́n tò àwo ewéko sí i lára láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àwọn àwo yìí ò dúró sójú kan: wọ́n rọra ń yí, wọ́n ń gun òkè lọ gba oòrùn, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá mu omi. Omi tó ń já bọ́ ló ń yí i. Iná tí òpó kan ń lò kò ju ti gílóòbù kan ṣoṣo lọ, nǹkan bíi 60 wáàtì. Kò sí àtùpà kankan tó ń ràn sórí àwọn ẹ̀fọ́ náà. Nígbà tí àwọn míì ń wá bí wọ́n á ṣe ṣe oòrùn tiwọn, Jack Ng ń wá bí ẹ̀fọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe máa rí oòrùn tó ti wà nílẹ̀.

Owó Ìmọ́lẹ̀

Ẹ wo ohun tó fa ìṣòro náà. Bí ẹ bá to pẹpẹ mẹ́wàá léra, oòrùn máa tàn sórí ti òkè pátápátá. Mẹ́sàn-án tó kù wà nínú òjìji. Ilẹ̀ tí ẹ rò pé ẹ jèrè lórí pẹpẹ mẹ́sàn-án yẹn, iná lẹ máa fi san owó rẹ̀.

Oòrùn ò sì kéré o. Ní ọ̀sán gangan tí òfuurufú bá mọ́ kedere, nǹkan bíi 1,000 wáàtì ló ń dà sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó. Ìyẹn tó agbára tí áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ ń lò. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan tan áyọ́ọ̀nù kan sórí gbogbo mítà kọ̀ọ̀kan nínú oko bàbá wa, tí kò sì fi ìwé owó iná ránṣẹ́ sí wa. Lóòótọ́, ewéko kì í lo gbogbo rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa àti ti búlúù ló sì máa ń lò jù, ìdí nìyẹn tí iná inú oko alájà fi ní àwọ̀ tó ṣàjèjì. Iná LED tó wá dé ti dín ìnáwó náà kù púpọ̀. Àwọn ará Jàpáàn mẹ́ta tó ṣe iná LED aláwọ̀ búlúù gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ lọ́dún 2014. Síbẹ̀, iná tó ń jó fún wákàtí mẹ́rìndínlógún lójúmọ́ ní láti gba owó. Ó tún ń mú ooru wá, ẹ̀rọ amúlétutù á sì máa jó kó lè lé ooru náà lọ, ìyẹn náà á tún gba owó.

Ẹ jẹ́ ká fi owó tiwa ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé kìlógíráàmù kan ewé lẹ́tíùsì, èyí tí wọ́n fi ń ṣe sàláàdì, gba yúníìtì iná mẹ́wàá kó tó dàgbà. Àwọn oko kan wà tó ń lò ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ní Nàìjíríà, April 2024 ni owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225, kí wọ́n tó wá dín in díẹ̀. Ká fi í sí náírà 200. Náírà 2,000 ti wọ inú kìlógíráàmù ewé kan nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì tíì san owó irúgbìn, owó òṣìṣẹ́, owó ilé àti owó ọkọ̀. Ẹni tó bá ń lo jẹnẹrétọ̀ ń kọ́? Bí iná bá sì lọ tí ẹ̀rọ tó ń fín omi sí gbòǹgbò dúró, kò ní pẹ́ rárá tí gbòǹgbò tó so rọ̀ nínú afẹ́fẹ́ á fi gbẹ.

Àwọn tó lówó jù wá lọ ti rí i. Iléeṣẹ́ Infarm ní Jámánì dá nǹkan bí 500 òṣìṣẹ́ dúró ní November 2022, lẹ́yìn tí owó iná ga sókè ní Yúróòpù nítorí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine. AeroFarms, tó sọ ilé tí wọ́n ti ń rọ irin tẹ́lẹ̀ ní Newark di oko, lọ sílé ẹjọ́ ní June 2023 kí òfin lè dáàbò bò ó lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ní gbèsè, ó sì jáde níbẹ̀ lóṣù mélòó kan lẹ́yìn náà. Bowery, tí wọ́n ní ó tó 2.3 bílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2021, ti ilẹ̀kùn ní November 2024. Ní March 2025, Plenty náà forí lé ilé ẹjọ́. Kì í ṣe pé ẹ̀fọ́ wọn ò hù. Ó hù dáadáa. Iye tó ná wọn kí wọ́n tó gbìn ín ló ju ohun tí àwọn oníbàárà fẹ́ san lọ.

Torí náà, bí ẹnì kan bá wá bá ẹ pé kó o dáwó sí oko alájà, má ṣe kọ́kọ́ bi í léèrè iye pẹpẹ tó ní. Bi í pé kí ló ń fún àwọn pẹpẹ náà nímọ̀ọ́lẹ̀, èló ni yúníìtì kan, ta ló sì ti ṣèlérí láti máa ra ẹ̀fọ́ náà, ní iye wo? Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á ti ní ìdáhùn lẹ́nu.

Kì Í Ṣe Gbogbo Oúnjẹ Ló Lè Wọlé

Ohun kan tún wà tí àwòrán orí fóònù kì í sọ. Ewé ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbìn sórí àwọn pẹpẹ yẹn: lẹ́tíùsì, efinrin àwọn òyìnbó, àti àwọn ewé wẹ́wẹ́ míì. Ewé máa ń tètè dàgbà, kì í ga, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ṣeé tà. Àgbàdo kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ga, ó ń lo ọ̀pọ̀ ìmọ́lẹ̀ láti ṣe pòròpórò tí ẹnikẹ́ni ò ní jẹ. Louis Albright, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Yunifásítì Cornell, ṣírò pé bí wọ́n bá fi iná gbin àlìkámà, búrẹ́dì kan ṣoṣo máa ná èèyàn ní nǹkan bíi 23 dọ́là. Gbágùúdá, ìrẹsì àti àgbàdo tó ń mú ká yó, orí ilẹ̀ ni wọ́n ṣì máa wà.

Àwọn tó ń ra ewé inú oko alájà kì í sì í sábà jẹ́ àwọn tí ebi ń pa. Nígbà tí Angel Adelaja sọ kọ̀ǹtẹ́nà ọkọ̀ òkun di oko ní Àbújá, tó tò wọ́n léra, ewé sàláàdì ni wọ́n gbìn sínú wọn. A ò fi ìyẹn dá a lẹ́bi o. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń kó bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn máa ń bà jẹ́ sójú ọ̀nà. Ohun tí à ń sọ ni pé iṣẹ́ tó yàtọ̀ ni sí bíbọ́ ìlú.

Ṣùgbọ́n a rí ohun kan nítòsí wa tó jẹ́ ká rí i pé ìmọ̀ yìí lè wúlò fún oúnjẹ gidi, bí a bá lò ó síbi tó tọ́. Ní Ìbàdàn, iléeṣẹ́ ìwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IITA, èyí tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1967, ti gbin iṣu tí gbòǹgbò rẹ̀ so rọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ìtàkùn iṣu wà lókè nínú oòrùn, lábẹ́ òrùlé tó mọ́ gbòlà. Nínú àpótí tó ṣókùnkùn nísàlẹ̀, wọ́n ń fín omi tó ní èròjà aṣaralóore sí gbòǹgbò rẹ̀, iṣu kéékèèké á sì máa ta síbẹ̀ láìsí ebè kankan.

Kì í ṣe kí wọ́n lè gún iṣu náà ni wọ́n ṣe ń gbìn ín. Èbù ni. Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ bí èbù ṣe ń dáni lágara: ẹni tó wa iṣu ní láti yọ apá tó pọ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ láti gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, bí àìsàn bá sì wà lára iṣu ìyá, ó ti bá èbù wọnú oko tuntun. Iṣu inú afẹ́fẹ́ ò fara kan ilẹ̀, torí náà àwọn aràn kéékèèké inú ilẹ̀ ò rí i mú. Ìtàkùn kan sì lè so iṣu kéékèèké púpọ̀ ju bí yóò ṣe so nínú ebè lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kó wọn lọ sórí ilẹ̀ kí wọ́n lè máa pọ̀ sí i. Níbẹ̀, oòrùn ń ṣe iṣẹ́ tiẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ sì ń ṣe kìkì ohun tí ilẹ̀ ò lè ṣe dáadáa.

Àpò Tó Di Oko

Ìyẹn jẹ́ ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ti ẹni tó ń gbé yàrá kan ní àgbàlá tí ìdílé mẹ́jọ jọ ń lò ńkọ́?

Ní Kibera, àdúgbò àwọn tálákà kan ní Nairobi, lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, wàhálà tó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò ìparí ọdún 2007 mú kí oúnjẹ wọ́n. Lọ́dún 2008, àjọ kan láti ilẹ̀ Faransé tó ń jẹ́ Solidarités bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìdílé níbẹ̀ ní ẹ̀fọ́ tó ti hù, wọ́n sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa gbìn ín sára àpò. Òótọ́ ni pé oko alájà lèyí náà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa yà á sínú ìwé ìròyìn. Ewé tí wọ́n ń gbìn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní sukuma wiki, tó túmọ̀ sí “ti ọ̀sẹ̀ yìí síwájú,” torí pé òun ló ń mú kí owó díẹ̀ gbé ìdílé dé ìparí ọ̀sẹ̀. Àpò kan lè gba 40 sí 50 ẹsẹ̀ ẹ̀fọ́, ilẹ̀ tó sì ń gbà kò ju ibi tí àga kan á dúró sí lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, àpò ìrẹsì tó tóbi ti tó. Ẹ po ilẹ̀ dúdú mọ́ ìgbẹ́ ẹran tó ti gbẹ tó sì ti jẹrà dáadáa. Ẹ wá agolo kan tí ẹ ti gé orí àti ìdí rẹ̀ kúrò, ẹ gbé e sí àárín àpò, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kó ilẹ̀ yí i ká. Ẹ fa agolo náà sókè, òkúta á dúró sáàárín. Ẹ tún un ṣe bẹ́ẹ̀ títí àpò á fi kún. Òkúta yẹn ló máa gbé omi dé ìsàlẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, òkè nìkan ni omi máa rin, ẹ̀fọ́ ìsàlẹ̀ á sì kú. Ẹ wá lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ àpò, kẹ́ ẹ ki tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ tó ti hù bọ inú ihò kọ̀ọ̀kan. Gbúre fara da ibi tí oòrùn ò pọ̀ sí, torí náà ẹ fi í sí ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ògiri. Ata tàbí tòmátì lè wà lórí.

Ẹ kíyè sí ibi tí ẹ ti ń bu ilẹ̀. Ilẹ̀ etí títì, ti ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe, àti ti ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì lè ní òjé nínú, ẹ̀fọ́ sì lè gbé e dé inú ọbẹ̀ àwọn ọmọ yín. Ẹ má ṣe fi omi gọ́tà rin ín. Àpò tó kún fún ilẹ̀ tútù lè wúwo tó 100 kìlógíráàmù, torí náà orí ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e kà kẹ́ ẹ tó kó ilẹ̀ sí i, kì í ṣe orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tí ẹ ò mọ bí ọwọ́n rẹ̀ ṣe lágbára tó. Oòrùn á jẹ àpò náà. Bó bá ti ń ya, ẹ fi òmíràn wọ̀ ọ́ láti ìta kẹ́ ẹ sì lu ihò sí i níbi tí ẹ̀fọ́ wà.

Bí ẹ bá ń ká a, ewé ìta ni kẹ́ ẹ máa já, kẹ́ ẹ fi ọ̀mùnú àárín sílẹ̀ kó lè máa rúwé. Bí ẹ bá sì rí i pé omi tí ẹ bù lókè ń tètè ṣàn jáde nísàlẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbẹ́ àpò ṣì gbẹ, òkúta àárín ti fẹ̀ jù. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ fi agolo tó kéré sí i tún un tò.